Bí ẹ ṣe máa wọ̀ sí òtẹ́ẹ̀lì ìgboro ní Japan, láti orí gbígba yàrá dé orí dídá kọ́kọ́rọ́ padà

Òtẹ́ẹ̀lì tí mò ń sọ níbí kì í ṣe ti àwọn olówó, kì í sì í ṣe ilé ìtura àtijọ́ tí wọ́n ti ń tẹ́ ibùsùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Èyí tí àwọn ará Japan ń pè ní bijinesu hoteru ni, ilé gogoro tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin, tí òṣìṣẹ́ tó bá rìnrìn àjò iṣẹ́ máa ń sùn sí. Toyoko Inn, APA, Dormy Inn, Super Hotel àti Route Inn wà lára àwọn tí ẹ máa rí káàkiri. Yàrá wọn kéré, ṣùgbọ́n wọ́n mọ́ tónítóní, omi gbígbóná kì í wọ́n níbẹ̀, owó wọn sì mọ níwọ̀n. Fún ẹni tó fẹ́ fi ẹsẹ̀ rin Tokyo, Osaka tàbí Fukuoka láti àárọ̀ dalẹ́, tó kàn ń wá ibi tó máa fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sí, èmi ò rí èyí tó dáa tó o.

Ẹ fi í sọ́kàn pé ohun tí ẹ bá kọ sílẹ̀ nígbà tí ẹ ń gba yàrá ni wọ́n máa tẹ̀ lé. Iye èèyàn, irú bẹ́ẹ̀dì, ọ̀rọ̀ sìgá, àkókò tí ẹ máa dé, bí ẹ bá ṣe kọ ọ́ ni wọ́n ṣe máa tọ́jú rẹ̀ dè yín. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wá nǹkan ṣe sí i” tá a fi ń yanjú ọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ tiwa kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ orí káńtà á tẹrí ba fún yín, á bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ má bínú, kò sì ní ṣe é. Nítorí náà, ilé lẹ ti máa ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ gba yàrá bó ṣe yẹ

Ẹ kọ iye ẹni tó máa sùn níbẹ̀ gan-an. Lọ́dọ̀ tiwa, yàrá la ń sanwó fún, iye ẹni tó bá sùn síbẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ kan ẹnikẹ́ni. Ní Japan, iye orí wà lára ohun tí ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì fi ń ṣírò owó. Bí ẹ bá gba yàrá ẹnì kan, tí ẹ̀yin àti ìyàwó yín wá jọ dé, wọ́n á ní kẹ́ ẹ fi owó kún un, ìyẹn tí yàrá náà bá lè gba ẹni méjì. Tí kò bá lè gbà á, ẹ máa wá yàrá míì ni. Ọ̀pọ̀ wọn gbà kí ọmọ tí kò tíì wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bá òbí rẹ̀ sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà lọ́fẹ̀ẹ́, síbẹ̀ ẹ kọ orúkọ òun náà sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, bẹ́ẹ̀dì. Ẹ ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n ń pè ní “semi-double”. Fífẹ̀ rẹ̀ kì í sábà ju nǹkan bíi 120 sẹ̀ntímítà lọ, wọ́n sì ń tà á fún ẹni méjì. Tọkọtaya tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó lè máà rí àbùkù rẹ̀. Àwa tó kù, ẹ jẹ́ ká gba “twin”, bẹ́ẹ̀dì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ wo bí yàrá ṣe fẹ̀ tó pẹ̀lú, torí pé mítà 11 sí 15 níbùú lóròó (m²) ló wọ́pọ̀. Nínú yàrá 11 m², tí ẹ bá ṣí àpótí ńlá kan sílẹ̀ tán, orí bẹ́ẹ̀dì lẹ máa gbà kọjá lọ sí balùwẹ̀.

Àwọn òtẹ́ẹ̀lì kan ṣì ní yàrá tí wọ́n ti ń mu sìgá. Owó rẹ̀ lè dín díẹ̀, ṣùgbọ́n èéfín ti wọ inú aṣọ ojú fèrèsé. Ohun tí ẹ ń wá ni 禁煙, ìyẹn ni pé wọn kì í mu sìgá níbẹ̀. 喫煙 ni ti àwọn amusìgá.

Ní ti àdúgbò, ẹ má wo bí òtẹ́ẹ̀lì ṣe jìnnà sí ibùdókọ̀ nìkan, ẹ wo ẹnu ọ̀nà ibùdókọ̀ tó sún mọ́ ọn. Ibùdókọ̀ Shinjuku ní Tokyo ní ẹnu ọ̀nà tó lé ní 200. Ẹni tó bá gba ẹnu ọ̀nà òdì jáde níbẹ̀ lè wọ́ ẹrù kiri fún odidi ìdajì wákàtí. Ojú ìwé òtẹ́ẹ̀lì náà á sọ nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà tàbí orúkọ rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ síbi tí ẹ ti máa tètè rí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ní láti gba físà, ìwé ìbéèrè rẹ̀ sì ń fẹ́ kí ẹ to ètò ìrìn àjò yín lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan: orúkọ ibi tí ẹ máa sùn, àdírẹ́sì rẹ̀, nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Torí bẹ́ẹ̀, yàrá tí wọ́n á dá owó rẹ̀ padà tí ẹ bá fagi lé e ni kẹ́ ẹ gbà. Ẹ má sanwó àsanpa kí físà tó jáde. Àwọn tó ń lo páásípọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Amẹ́ríkà kò nílò físà fún ìbẹ̀wò tí kò ju 90 ọjọ́ lọ, ṣùgbọ́n àwọn náà á kọ àdírẹ́sì òtẹ́ẹ̀lì sínú fọ́ọ̀mù ìwọ̀lú.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ di ẹrù

Iná Japan jẹ́ 100 volt, ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn sì jẹ́ pẹlẹbẹ méjì. Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ láti Èkó tàbí London, ẹ ra ohun tí wọ́n fi ń so pọ́lọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta mọ́ irú sọ́kẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn ṣájà. Tí wọ́n bá kọ 100-240V síbẹ̀, kò séwu. Ẹ fi àyáànù sílẹ̀ nílé, kò ní gbóná dáadáa níbẹ̀, ẹ sì lè yá ti òtẹ́ẹ̀lì ní káńtà.

Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, ọṣẹ olómi, aṣọ ìnura, aṣọ ìsùn àti sálúbàtà, òtẹ́ẹ̀lì ló máa pèsè wọn. Ohun tí ẹ kò ní rí ni kàn-ìn-kàn-ìn àti ìpara tó bá awọ ara wa mu. Nígbà òtútù, afẹ́fẹ́ inú yàrá máa ń gbẹ débi pé ara á funfun kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ẹ má di ẹran kankan. Kílíṣí, súyà, pọ̀nmọ́, ẹran díndín inú ọbẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni òfin Japan kọ̀ láìsí ìwé àyẹ̀wò láti ọ̀dọ̀ ìjọba ilẹ̀ tí ó ti wá. Àwọn ajá tó ń gbóòórùn ẹrù sì wà láwọn pápákọ̀ òfurufú ńlá.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ọjọ́ tí ẹ bá gúnlẹ̀

Pápákọ̀ òfurufú méjì ni Tokyo ní. Narita jìnnà sí àárín ìlú, ó tó 60 kìlómítà. Haneda ló sún mọ́ ìgboro. Ọkọ̀ ojú irin ń dáwọ́ dúró ní nǹkan bí ọ̀gànjọ́ òru, kì í sì í bẹ̀rẹ̀ títí di bí aago márùn-ún ìdájí. Owó takisí láti Narita lè ju owó yàrá lọ. Tí bàlúù yín bá máa balẹ̀ lálẹ́, ẹ sùn sítòsí pápákọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Tí ẹ bá sì rí i pé ẹ máa pẹ́ ju àkókò tí ẹ kọ sílẹ̀ lọ, ẹ fi tó òtẹ́ẹ̀lì létí, kí wọ́n má baà rò pé ẹ ò wá mọ́ kí wọ́n sì fi yàrá yín fún ẹlòmíì.

Tí ẹ bá fẹ́ gba owó yen, ẹ̀rọ ATM inú ṣọ́ọ̀bù 7-Eleven ń gba ọ̀pọ̀ káàdì ilẹ̀ òkèèrè, ó sì ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ béèrè ní báńkì yín bóyá káàdì yín lè gba owó lókè òkun.

Aago mẹ́ta ọ̀sán ni wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í fún èèyàn ní yàrá. Ẹni tó dé ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ kò ní rí yàrá gbà, ìbáà wá láti òkè òkun. Wọ́n á gba ẹrù yín pa mọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n á fún yín ní páálí kékeré tó ní nọ́ńbà, ẹ̀yin á sì lọ gbafẹ́ títí dìgbà náà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ní káńtà

“Chekkuin onegai shimasu”, ìyẹn “ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ gba yàrá mi”, ti tó. Ẹ na páásípọ́ọ̀tù sí wọn. Wọ́n á ṣe ẹ̀dà ojú ewé tó ní fọ́tò, wọ́n á sì ní kí ẹ kọ orílẹ̀-èdè yín àti nọ́ńbà páásípọ́ọ̀tù. Ẹ má rò pé nítorí páásípọ́ọ̀tù ewé ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Láti ọdún 2005 ni òfin ti ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo àlejò ilẹ̀ òkèèrè tí kò ní àdírẹ́sì ní Japan. Òfin tún ní kí irú àlejò bẹ́ẹ̀ máa mú páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ kiri, torí náà ẹ má fi í sílẹ̀ sínú yàrá tí ẹ bá ń jáde.

Láwọn òtẹ́ẹ̀lì kan, ẹ̀rọ ló máa gbà yín lálejò. Ẹ yan èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ gbé páásípọ́ọ̀tù sórí gíláàsì rẹ̀, ẹ sanwó, káàdì yàrá á sì yọ jáde. Tí ó bá jẹ́ èèyàn lẹ ń sanwó fún, ẹ ó rí àwo pẹlẹbẹ kékeré kan lórí káńtà. Inú rẹ̀ ni ẹ ó kó owó sí, kì í ṣe ọwọ́ òṣìṣẹ́. Ibẹ̀ náà ló máa kó ṣéńjì sí, á kà á lójú yín.

Bí ẹ bá tiẹ̀ ti sanwó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ṣì lè béèrè owó orí tí ìlú ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá sùn sí òtẹ́ẹ̀lì. Tokyo ti ń gbà á láti ọdún 2002, Osaka láti 2017, Kyoto láti 2018. Wọn ò rẹ́ yín jẹ.

Kí ẹ tó wọ lífíìtì, ẹ wo ìtòsí káńtà dáadáa. Nínú ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì, ibẹ̀ ni pẹpẹ tí wọ́n to búrọ́ọ̀ṣì, abẹ ìfárùngbọ̀n, kóòmù àti tíì sí wà. Ẹ mú ìwọ̀n tí ẹ máa lò. Ẹ sì rántí pé àjà ilẹ̀ ni wọ́n ń pè ní 1F. Ẹni tí yàrá rẹ̀ wà ní 3F yóò gòkè lẹ́ẹ̀mejì péré.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: nínú yàrá

Tí ẹ bá wọlé tí iná kò tàn, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ihò kan wà lára ògiri tí ẹ máa ki káàdì bọ̀, ìgbà yẹn ni iná máa dé. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ wọ sálúbàtà. Fíríìjì sábà máa ń wà ní pípa, ẹ fúnra yín lẹ máa tan án. Lára rìmóòtù ẹ̀rọ amúlétutù, 冷房 ni tútù, 暖房 ni gbígbóná. Láwọn ilé kan, gbogbo ilé ni wọ́n ń yí sí ọ̀kan nínú méjèèjì bí àsìkò bá ṣe rí, ẹ kò lè dá ti yàrá yín ṣe.

Balùwẹ̀ jẹ́ ike láti ilẹ̀ dé òkè, odindi ni wọ́n ń gbé e wọ inú ilé. Hotel New Otani ní Tokyo ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ fún, nígbà ìdíje Òlíńpíìkì 1964, kí wọ́n lè tètè parí ilé náà. Inú agbada ìwẹ̀ lẹ ti máa wẹ̀, etí isàlẹ̀ aṣọ títa náà sì gbọ́dọ̀ wà nínú agbada, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ omi á kún ilẹ̀. Nọ́ńbà wà lára ẹ̀rọ omi. Ó máa dúró níbi 40. Ẹni tó bá fẹ́ kó gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ á tẹ bọ́tìnì kékeré kan mọ́lẹ̀ kó tó lè yí i kọjá.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Bọ́tìnì tó wà lára rẹ̀ lè dẹ́rù ba èèyàn. Kí ẹ tó tẹ ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí 止 wà, òun ló ń dá omi dúró. おしり ń tú omi sí ìdí, ビデ wà fún obìnrin. Ẹ má dìde kí ẹ tó tẹ 止, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ omi á fọ́n dé ara ilẹ̀kùn. 大 àti 小 ni ẹ máa fi ṣan án, omi púpọ̀ àti omi díẹ̀. Inú rẹ̀ náà ni bébà ìnùdí ń lọ, kì í ṣe inú agbọ̀n. Láti 1980 ni ilé iṣẹ́ TOTO ti ń ta irú èyí, ó sì ti gba gbogbo ìlú kan. Àwọn Mùsùlùmí wa tó máa ń di kẹ́tù sínú ẹrù lọ sí Yúróòpù lè fi í sílẹ̀ nílé lọ́tẹ̀ yìí.

Ní ti ìrun, ẹ ṣọ́ra. Ní Nàìjíríà, ọ̀nà ìlà-oòrùn la máa ń kọjú sí. Ní Japan, ìwọ̀-oòrùn ni Mẹ́kà wà, ó tẹ̀ díẹ̀ sí àríwá. Ẹ jẹ́ kí fóònù yín júwe rẹ̀.

Ohùn wa lórí fóònù máa ń ròkè, pàápàá tí ará ilé bá ń pè láti Ìbàdàn. Ògiri ibẹ̀ fúyẹ́. Tó bá ti di aago mẹ́wàá alẹ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí gbọ̀ngán ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ náà lẹ ti máa gba àlejò. Ẹ̀gbọ́n tó ń gbé Saitama tó gbé oúnjẹ wá fún yín kò gbọdọ̀ gòkè, torí pé orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé. Òun náà mọ̀, kò ní bínú.

Ìwẹ̀ gbangba, bí òtẹ́ẹ̀lì bá ní in

Dormy Inn gbajúmọ̀ fún èyí, àwọn míì náà ní in. Agbada ńlá omi gbígbóná ni, tí ọkùnrin ń wẹ̀ lọ́tọ̀, tí obìnrin ń wẹ̀ lọ́tọ̀. 男 ni ọkùnrin, 女 ni obìnrin. Tí wọ́n bá kọ ọ́ pé ó ṣí di 25:00, aago kan òru ni wọ́n ń sọ.

Ìhòòhò gbáà ni wọ́n ń wọ̀ ọ́, kò sí pé ẹ wọ pátá. Ẹ kó aṣọ sínú agbọ̀n, ẹ mú aṣọ ìnura kékeré nìkan wọlé. Lára ògiri, ẹ ó rí àpótí ìjókòó kéékèèké, ṣáwà àti ọṣẹ. Ẹ jókòó, ẹ wẹ̀ dáadáa, ẹ ṣan ọṣẹ kúrò pátápátá. Ẹ̀yìn èyí ni ẹ ó tó wọ inú agbada, torí pé kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń fọ ìdọ̀tí. Aṣọ ìnura kò gbọdọ̀ kan omi, irun gígùn náà kò gbọdọ̀ kàn án. Ẹni tó fín ara lè rí i pé wọn ò gbà á wọlé. Omi náà gbóná, ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó fún ìgbà àkọ́kọ́. Tí ojú bá ń tì yín, agbada inú yàrá yín wà níbẹ̀.

Tí aṣọ ìsùn tí wọ́n fún yín bá jẹ́ yukata, aṣọ gígùn ilẹ̀ Japan tí wọ́n ń fi ìgbànú dì, apá òsì ni kẹ́ ẹ fi bo apá ọ̀tún. Òkú ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ fún lódìkejì.

Aṣọ fífọ̀ àti oúnjẹ àárọ̀

Ẹ̀rọ ìfọṣọ sábà máa ń wà ní àjà kan. Owó ẹyọ 100 yen ló ń gbà, nítorí náà ẹ máa kó wọn jọ. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń fúnra wọn da ọṣẹ. Ẹ kàwé ara rẹ̀ kẹ́ ẹ tó da tiyín sí i, kí fóòmù má baà ya bo ilẹ̀.

Oúnjẹ àárọ̀: ìrẹsì, ọbẹ̀ miso (ẹ̀wà sóyà tí wọ́n lọ̀ tó ti kan), ẹja yíyan, ẹyin, ewébẹ̀. Ẹ ó rí natto nínú ike kékeré, ẹ̀wà sóyà tó ń fà. Tí òórùn rẹ̀ bá jọ yín lójú, ẹ kò ṣìnà, ìbátan irú tá a fi ń se ọbẹ̀ ni. Kòkòrò àìfojúrí Bacillus subtilis tó ń ṣiṣẹ́ nínú irú náà ló ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ẹ fi sórí ìrẹsì gbígbóná pẹ̀lú ọbẹ̀ sóyà díẹ̀. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó fọ́ ẹyin, ẹ béèrè, torí pé wọ́n máa ń jẹ ẹyin tútù lórí ìrẹsì, èèpo kò sì sọ èyí tí wọ́n ti sè. Ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ẹ yẹra fún sọ́séèjì àti békìn, kí ẹ sì mọ 豚 dáadáa, òun ni ẹlẹ́dẹ̀.

Tí ilẹ̀ bá mì

Èyí kì í ṣe ohun tí ilé tiwa kọ́ wa, torí náà ẹ kà á lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́. Tọ́ọ̀ṣì kan wà lára ògiri nítòsí bẹ́ẹ̀dì. Tí ẹ bá ti yọ ọ́ kúrò níbi tó wà, á tàn fúnra rẹ̀. Àwòrán ọ̀nà àbáyọ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ fi ẹsẹ̀ rìn ín wò dé orí àtẹ̀gùn. Fèrèsé tó ní àmì pupa onígun mẹ́ta ni àwọn panápaná máa ń gbà wọlé, ẹ má fi ẹrù dí i.

Bí fóònù bá ké lójijì tí ilé sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ẹ má sáré jáde. Ẹ fi ìrọ̀rí bo orí, ẹ jìnnà sí fèrèsé, ẹ dúró kó tán. Láti 1981 ni òfin ìkọ́lé wọn ti le sí i nítorí ìmìtìtì ilẹ̀. Ẹ má wọ lífíìtì lẹ́yìn náà. 119 ni ẹ ó pè fún iná àti àìsàn, 110 fún ọlọ́pàá.

Ìgbésẹ̀ ìkẹyìn: ẹ kó jáde

Aago mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá àárọ̀ ni ẹ gbọ́dọ̀ ti jáde. Tí ẹ bá pẹ́, wọ́n lè gba owó wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi owó ọpẹ́ sórí ìrọ̀rí fún ẹni tó ń tún yàrá ṣe. Wọ́n á rò pé ẹ gbàgbé rẹ̀ ni, wọ́n á gbé e lọ sí káńtà, wọ́n á sì máa wá yín.

Tí ẹ bá ń lọ sí ìlú míì, ẹ má wọ́ àpótí ńlá wọ Shinkansen, ọkọ̀ ojú irin tó ń sáré gan-an. Láàárín Tokyo àti Osaka, ẹrù tí gígùn, fífẹ̀ àti gíga rẹ̀ lápapọ̀ bá ju 160 sẹ̀ntímítà lọ gbọ́dọ̀ ní ìjókòó tí ẹ ti gbà sílẹ̀ fún un. Ẹ sọ ní káńtà pé “takkyubin”, ìyẹn ni pé ẹ fẹ́ kí wọ́n bá yín fi ẹrù ránṣẹ́. Ilé iṣẹ́ Yamato, tí àmì rẹ̀ jẹ́ olóńgbò dúdú tó gbé ọmọ rẹ̀ sẹ́nu, ló sábà máa ń wá gbé e. Ẹ fi orúkọ òtẹ́ẹ̀lì tó kàn hàn wọ́n ní èdè Japan, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ máa débẹ̀ àti orúkọ tí ẹ fi gba yàrá. Láti Tokyo sí Osaka, ọjọ́ kejì ló sábà máa ń dé. Tó bá jẹ́ pápákọ̀ òfurufú lẹ ń fi ránṣẹ́ sí, ẹ fún wọn ní ọjọ́ méjì ó kéré tán. Ẹ yọ oògùn, ṣájà àti aṣọ ọjọ́ kan sínú báàgì ọwọ́ kí wọ́n tó lẹ ìwé mọ́ ọn, kẹ́ ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà ìwé náà, torí nọ́ńbà orí rẹ̀ ni wọ́n máa fi wá ẹrù yín. Ẹ wá ju káàdì yàrá sínú àpótí tó wà lórí káńtà tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ lífíìtì.